Kí Eré Abàmì Tó Kúrò Lórí Tẹlifíṣọ̀n Bọ́ Sí Sinimá

Oṣù kẹfà ọdún 1998 ni fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fà yọ láti inú The X-Files, eré tẹlifíṣọ̀n nípa òṣìṣẹ́ FBI méjì tó ń wádìí ọ̀rọ̀ abàmì, jáde ní Amẹ́ríkà. Mílíọ̀nù 66 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 189 wọlé káàkiri àgbáyé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù keje ọdún 2008, ìkejì rẹ̀ jáde. Mílíọ̀nù 30 ni wọ́n ná sí i, nǹkan bíi mílíọ̀nù 68 péré ló pa. Bẹ́ẹ̀, àwọn òṣèré kan náà ni, David Duchovny tó ń ṣe Mulder àti Gillian Anderson tó ń ṣe Scully. Chris Carter tó dá eré náà sílẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, Mark Snow ló sì ṣe orin méjèèjì. Kí ló wá yí padà? Ẹni tó bá fẹ́ jí irú eré bẹ́ẹ̀ dìde gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn sí ìyẹn kó tó pe ẹnikẹ́ni wá síwájú kámẹ́rà.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n tó tan iná àkọ́kọ́ níbi ìyàwòrán ni irú fíìmù yìí ti máa ń là tàbí kó rì. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ìbéèrè kan ṣoṣo tí eré orí tẹlifíṣọ̀n fi sílẹ̀ láìdáhùn, àti bóyá fíìmù náà ní ìgboyà láti dáhùn rẹ̀ délẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, ìró àti awọ ẹ̀dá abàmì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn lè kọ́. Mo máa sọ̀rọ̀ nípa wọn dáadáa, torí àwọn náà a máa ba fíìmù jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba ìtàn tí kò ní ìbéèrè là.

Ọ̀rọ̀ ta-ló-ni-ín la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó sanwó eré ló sábà máa ń ni ín lábẹ́ òfin, torí iṣẹ́ tí wọ́n gba èèyàn ṣe ni wọ́n kà á sí. Síbẹ̀, àdéhùn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, WGA, fi àwọn ẹ̀tọ́ kan pamọ́ fún ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i pé òun ló dá eré náà sílẹ̀. Nítorí náà, ìwé mẹ́rin ni lọ́yà gbọ́dọ̀ kó jọ kí òǹkọ̀wé tó kọ ojú ìwé kan: àdéhùn ẹni tó dá eré sílẹ̀, àdéhùn àwọn òṣèré àgbà, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí fíìmù tàbí ìdúnàádúrà tuntun ló kù, ìwé orin ìbẹ̀rẹ̀ eré, àti ìwé tó fi hàn bí ẹ̀tọ́ náà ṣe ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ìwé kẹrin yìí ló ń dáni lágara jù, torí ilé iṣẹ́ a máa ra ara wọn, a máa pín, a sì máa yí orúkọ padà. Bí oríkèé kan bá já nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò ní gbà á wọlé, ẹni tó ń pín fíìmù sí gbọ̀ngàn kò sì ní fọwọ́ kàn án. Orin mìíràn tó dún nínú eré náà tún ń fẹ́ àṣẹ tirẹ̀: owó tí wọ́n san kó lè dún lórí tẹlifíṣọ̀n kò kan sinimá rárá. Àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí owó tí eré náà pa wà lára ohun tó dá fíìmù kejì The X-Files dúró, tí eré tó parí ní ọdún 2002 fi dúró di 2008 kó tó padà.

Bí ìwé bá ti pé, iṣẹ́ tó kàn kò fani mọ́ra: ká wo gbogbo eré náà látìbẹ̀rẹ̀. The X-Files ti ní ìpín 202 kí fíìmù kejì tó jáde. Bí a bá ka ìpín kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́jú 45, wákàtí 151 àti ààbọ̀ nìyẹn. Èèyàn méjì tó bá pín in, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wo wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, máa parí rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́tàlá. Kí wọ́n ya ìwé sí ọwọ̀n mẹ́rin: ta ni ẹni náà, ọjọ́ wo ni nǹkan ṣẹlẹ̀, kí ni òǹwòran ti fojú rí, àti ta ló mọ kí ni. Ọwọ̀n tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú eré abàmì. Ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀dá inú òfuurufú ní sáà kẹta kò gbọ́dọ̀ dé inú fíìmù kó máa bèèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn olólùfẹ́ eré máa dárí ji aṣọ tó yàtọ̀ àti irun tó funfun, ṣùgbọ́n wọn kì í dárí ji ẹni tó gbàgbé ohun tó rí. Nígbà míì, eré fúnra rẹ̀ ti sọnù. BBC gbé The Quatermass Experiment jáde ní ọdún 1953, ìpín mẹ́fà ni. Méjì àkọ́kọ́ nìkan ló kù lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí irú rẹ̀, ìwé eré ló máa jókòó tì.

Ìbéèrè wá dà? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1997 ni wọ́n ya fíìmù àkọ́kọ́ The X-Files, kí wọ́n tó ṣe sáà karùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn tí sáà karùn-ún bá parí ni fíìmù náà máa jáde. Èyí mú kí àwọn òǹkọ̀wé lo odindi sáà kan láti rìn lọ bá ìtàn tí wọ́n ti yà sílẹ̀, tí wọn kò lè yí padà mọ́. Ẹrù mẹ́ta ni fíìmù náà rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kó tẹ́ ẹni tó ti ń wò ó bọ̀ lọ́rùn, kó yé ẹni tí kò wò ó rí, kó má sì pa eré náà nítorí sáà kẹfà ń bọ̀. Ó gbé ẹrù náà délé, mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tó fi ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ tó sì tún yára pa á dé. Fíìmù kejì kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Eré ti parí, ọ̀nà là gbalasa. Ó wá lọ mú ìtàn àlùfáà àtijọ́ kan tó ń rí ìran àti àwọn èèyàn tó sọnù nínú yìnyín, ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dá inú òfuurufú tó gba ọdún mẹ́sàn-án sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìtàn náà dára. Ì bá ṣe ìpín kan láàárín sáà, ì bá gbayì. Àmọ́ kò sí ẹni tó fi ọdún mẹ́fà dúró dè é.

Twin Peaks, eré tẹlifíṣọ̀n nípa ìwádìí ikú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Laura Palmer, gba ọ̀nà mìíràn. Ìpín 30 ni eré náà ní, ó sì parí ní oṣù kẹfà ọdún 1991 nígbà tí ọlọ́pàá inú eré há sí ayé kejì, tí ẹlòmíràn sì gbé àwọ̀ rẹ̀ jáde. Gbogbo èèyàn ń retí kí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí fíìmù jáde ní ọdún 1992, ọjọ́ tó ṣáájú ikú Laura Palmer ló padà sí, ó sì jẹ́ ká rí ìyà tí ọmọbìnrin náà jẹ kó tó kú. Owó tó pa ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Lójú tèmi, òun ló ní ìgboyà jù nínú gbogbo wọn, torí ó mú ìbéèrè kan, ó sì bá a dé ìdí. Àmọ́ ìbéèrè tí òǹwòran gbé wá sí gbọ̀ngàn kọ́ ló dáhùn. Ìlànà tí mo rí fà yọ níbẹ̀ rèé: ẹ kọ ìbéèrè tí eré náà fi sílẹ̀ sí apá òsì ìwé, ẹ kọ ìbéèrè fíìmù yín sí apá ọ̀tún. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ ṣì lè tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ dín owó kù, torí òǹwòran tuntun lẹ ń lọ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbólóhùn méjì sọ ìtàn náà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ibikíbi nínú eré àtijọ́. Bí kò bá ṣeé sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì di fíìmù.

Ìwé eré wá ní àrùn tirẹ̀. Ojú ìwé kan dúró fún bí ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán. Eré Amẹ́ríkà oníwákàtí kan láyé ìgbà yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ kúkúrú, lẹ́yìn rẹ̀ ìpele mẹ́rin tí ìpolówó ọjà là láàárín. Ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan ní láti dá nǹkan sílẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí òǹwòran yí ìkànnì padà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti kọ báyẹn máa so ìpín méjì pọ̀ lórúkọ fíìmù, á sì di ìjáyà mẹ́jọ nínú wákàtí kan àbọ̀. Nínú sinimá, kò sẹ́ni tó ń dìde. Ara á ti mọ́ wọn nígbà tí ìjáyà kẹrin bá fi dé, wọn kò sì ní bẹ̀rù mọ́. Ojú ìwé 105 sí 115, ìran bíi 45 sí 50 tí a kọ sórí páálí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ìjáyà ńlá mẹ́ta: ìyẹn tó. Kí èkíní wà ní nǹkan bí ojú ìwé kẹwàá, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gígùn tẹ̀ lé e. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni méjì tó ti bára wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún méje máa ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún ara wọn nítorí òǹwòran tuntun. Ẹ fún èèyàn márùn-ún tí kò wo eré náà rí ní ojú ìwé 15 àkọ́kọ́, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ta lò ń tẹ̀ lé, kí ló ń wá, kí ló ń bà á lẹ́rù? Bí mẹ́ta nínú wọn kò bá lè dáhùn, ẹ tún un kọ.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìyàwòrán fàyè sílẹ̀ fún àtúnkọ pẹ̀lú. Oṣù kejìlá ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù kejì The X-Files ní Vancouver ní Canada, àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà sì ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá. Títí di ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2008, òfin ìyanṣẹ́lódì kò gba òǹkọ̀wé láyè láti tún ìwé eré ṣe. Bí ìran kan bá kọ̀ tí kò jóòótọ́ lẹ́nu òṣèré, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa yà á.

Ní ti òṣèré, ẹ jẹ́ kí ọdún tó kọjá hàn lójú wọn. Fíìmù kejì yẹn ṣe èyí dáadáa: Mulder ti dá irùngbọ̀n sí, ó ń fara pa mọ́, Scully sì ti di dókítà ní ilé ìwòsàn. Kò díbọ́n pé àná ni eré parí. Ohun tó ń fa wàhálà ni àkókò. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù àkọ́kọ́, àwọn òṣèré àgbà méjèèjì kò ráyè, ni wọ́n bá gbé odindi ìpín kan ní sáà karùn-ún lé àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n máa ń wá ran Mulder lọ́wọ́ lórí. Bákan náà, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù Dark Shadows ní ọdún 1970 tí eré náà ṣì ń lọ lójoojúmọ́, inú pósí ni wọ́n ti Barnabas, amùjẹ̀ inú eré náà, mọ́ kí òṣèré rẹ̀ lè ráyè. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an: ìdí tó fi pòórá bá ìtàn mu. Nínú fíìmù Twin Peaks, ẹni tó ń ṣe Donna, ọ̀rẹ́ Laura, kò padà wá, òṣèré mìíràn ló gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí pẹ̀lú ọjọ́ láti ọwọ́ àwọn mẹ́ta tó ṣe kókó kí ẹ tó kọ ìwé eré lẹ́ẹ̀kejì. Fún àwọn yòókù, ẹ kọ ìran wọn lọ́nà tí a lè gbà yọ ọ́ láìjẹ́ pé ìtàn ya.

Ó wá ku ẹ̀rù fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ọdún 1993 fẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́ta. Fíìmù fífẹ̀ jẹ́ 2.39 sí 1. Lórí aṣọ sinimá tó fẹ̀ ní mítà 12, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà márùn-ún. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré, ojú èèyàn gba gbogbo ibẹ̀, ohun abàmì sì ní láti wọlé láti ẹ̀yìn. Nínú fíìmù fífẹ̀, a lè fi ẹni náà sí ìdá kan nínú mẹ́ta ká fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Òǹwòran fúnra rẹ̀ ni yóò máa wo ibi òfìfo yẹn, tí yóò máa retí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ìka ọwọ́, òjìji tó kọjá, ilẹ̀kùn tí kò sí ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀: òǹwòran á fi kún un.

Òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Funfun tó mọ́lẹ̀ jù lójú aṣọ sinimá jẹ́ candela 48 (candela ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) lórí mítà onígun mẹ́rin, nígbà tí ti àwòrán tẹlifíṣọ̀n HD jẹ́ 100. Bí a bá tún àwọ̀ ìran òru ṣe lójú móníto lásán, tí gbogbo rẹ̀ dára, a ó débi tí wọ́n ti ń fi hàn, a ó rí ẹrẹ̀. Inú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, lójú projector gan-an, ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ẹ̀wẹ̀, dúdú nìkan kì í ṣe òkùnkùn; ojú nílò ohun kan tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán kó tó lè gbà pé ìyókù ṣókùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì xenon, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára gan-an, ni The X-Files fi ń ṣe èyí. Kí ìtànṣán rẹ̀ tó hàn, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá: ẹ pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè tàn káàkiri déédéé. Bí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn láàárín ìyàwòrán kan àti òmíràn, èéfín á dín, àwòrán méjèèjì kò sì ní bára mu nígbà tí a bá ń tò wọ́n. Ẹ sì lẹ páálí funfun mọ́ ibi tí kámẹ́rà kò rí, kí òṣèré tan tọ́ọ̀ṣì sí i; ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà ló máa jẹ́ ká rí ojú rẹ̀.

Ẹ̀dá abàmì tó ní awọ àtọwọ́dá ń fẹ́ ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Awọ fóòmù latex, ìyẹn rọ́bà rírọ̀, kì í ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí etí rẹ̀ máa ń ya nígbà tí wọ́n bá ń bó o. Bí ẹ̀dá náà bá ní ọjọ́ 12 lójú kámẹ́rà, awọ 12 nìyẹn, ẹ fi mẹ́ta kún un fún èyí tó bá bàjẹ́. Wíwọ̀ rẹ̀ lè gba wákàtí mẹ́rin, bíbọ́ rẹ̀ wákàtí kan, oúnjẹ wákàtí kan. Nínú ọjọ́ oníwákàtí 12, mẹ́fà péré ló kù fún iṣẹ́. Olóòtú tó bá ṣètò rẹ̀ bíi ti òṣèré lásán máa pàdánù ìdajì ọjọ́ lójoojúmọ́, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń gé kúrò láti fi dí i ni ìran ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń múni bẹ̀rù jù.

Ní ti ìró, ẹ gba ohùn yàrá òfìfo sílẹ̀ ní ibi gbogbo, ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, kí ẹnikẹ́ni má mira. Òun lẹ máa fi tẹ́ abẹ́ ọ̀rọ̀. Kí ìjáyà tó dé, ẹ yọ ọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá méjì: òǹwòran kò ní mọ ohun tó sọnù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á mọ̀. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹ má lò ó ní ìlòkulò. Lẹ́ẹ̀kan péré ni kó dún ní odindi. Àwọn tó bá a dàgbà máa dìde lórí ìjókòó.

Kò sí ìran tó tó ẹ̀mí èèyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1982, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù The Twilight Zone, tí òun náà ti inú eré tẹlifíṣọ̀n wá, lóru ní California, ìbúgbàù tí wọ́n ṣètò ba ìrù hẹlikópítà tó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ́, ó já lé òṣèré Vic Morrow àti ọmọdé méjì lórí, gbogbo wọn sì kú. Wọ́n gba àwọn ọmọ náà síṣẹ́ lóru láìtẹ̀ lé òfin. Ilé ẹjọ́ dá olùdarí náà àti àwọn mẹ́rin mìíràn láre ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò padà wá. Kí ẹnì kan wà níbi ìyàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ààbò lọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ga ju ti olùdarí lọ nígbà tó bá ní ká dúró. Kí ìbúgbàù àti ohun tó ń fò má ṣe wà nínú ìyàwòrán kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yà wọ́n, kí ẹ pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Owó àti ọjọ́ ìjáde ló kẹ́yìn. Gbọ̀ngàn sinimá máa ń mú tó ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà fíìmù tó ná mílíọ̀nù 30 tó sì pa 68 kò tíì rí nǹkan kan pamọ́ lẹ́yìn owó ìpolongo. Àwọn olólùfẹ́ eré ni wọ́n ń kọ́kọ́ rọ́ dé. Fíìmù kejì The X-Files pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, nínú mílíọ̀nù 21 tó pa níbẹ̀ títí tó fi kúrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìyẹn ni pé àwọn tó ti mọ̀ ọ́n wá, wọn kò sì rí ẹni tuntun mú wá. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ ni The Dark Knight, fíìmù Batman, jáde, tí ó sì pa mílíọ̀nù 158 ní ọjọ́ mẹ́ta. Fíìmù tó kún fún yìnyín, òtútù àti òkùnkùn ọ̀sán, tí wọ́n gbé jáde nínú oòrùn oṣù keje, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹwàá ni àyè rẹ̀ wà, nígbà tí ilẹ̀ ń tètè ṣú lọ́hùn-ún, tí òǹwòran á jáde nínú gbọ̀ngàn bọ́ sínú òkùnkùn tó jọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò.